Dáínámáìtì ní Òkè Fúkẹ́fúkẹ́

Gbòà! Gbòà!

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí ìbọn dún ní Òkòkò. Aago méje ti kọjá díẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ti wà lójú títì.

"Kò sẹ́ni tó ń jalè lásìkò yìí," ni ọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì wí. Ó ń to búrẹ́dì rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n olè ni. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Ọ̀gá wọn kò bo ojú. Adéníran ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Dáínámáìtì ló sọ ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè," ni Dáínámáìtì sọ fún oníṣọ́ọ̀bù. "Ẹ má bínú sí mi. Àgbà ni yín. Tí ẹ bá mira, màá fọ́n yín ká bí ìyẹ̀fun!"

Bàbá náà nawọ́ sókè.

"Ẹ ṣeun, sà."

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì ń kó ẹrù jáde. Ọ̀kan ń jẹ́ Tọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ó máa ń tan tọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án gangan. Ìkejì ń jẹ́ Èlùbọ́, nítorí pé eruku kì í kúrò lára rẹ̀. Tẹlifíṣàn mẹ́sàn-án ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ Pijó wọn. Èlùbọ́ fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó yí i.

Kútú, kútú, kútú… fììì.

"Epo ti tán," ni Èlùbọ́ wí.

"Ta ni mo ní kó ra epo?"

"Èmi ni. Níbo ni kí n ti rà á, ọ̀gá?"

Ìbéèrè gidi ni. Ọdún 1994 ni, inú oṣù keje. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ilé epo láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà sì ti fi okùn dí ẹnu ọ̀nà wọn. Láti Ìyànà-Ìbà, àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n ń rìn ni.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Òkòkò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin mẹ́ta ni, tí wọ́n so mọ́ra wọn bíi rélùwéè.

Bàbá Owólabí ló ni ín. Ó fi irin àti táyà ọkọ̀ àtijọ́ kàn án fúnra rẹ̀. Ẹṣin iwájú ń jẹ́ Lọ́yà, torí pé kò ṣe nǹkan kan rí láìkọ́kọ́ jiyàn. Àwọn méjì ẹ̀yìn ń jẹ́ Kíláàkì àti Mẹ́sẹ́ńjà. Ibi tí Lọ́yà bá lọ làwọn náà ń lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, Owólabí máa ń gba Ajangbadi jáde, á máa gun òkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, títí á fi dé Adó-Odò lálẹ́.

Ọjọ́ náà, èrò méjì ló wà lókè. Ìkíní ni Ọláwùmí, ọmọ Owólabí fúnra rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, tó ń lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Adó-Odò. Ìkejì ni Ìyá Àwẹ̀ró, oníṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, tó ń ta ẹja gbígbẹ. Ẹsẹ̀ lásán ló wà. Ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìjánu.

"Tọ́ọ̀ṣì!" ni Dáínámáìtì pariwo. "Ọkọ̀ rèé!"

"Ẹṣin mà ni, ọ̀gá."

"Ṣé ó ń mu epo?"

Ọlọ́pàá kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ títì. Kọ́bùrù Ọláṣùpọ̀ ni. Ó gbé ìbọn rẹ̀ sókè.

Tàù!

Dáínámáìtì kò sá. Ó fi ọwọ́ bo ìgbàdí tó wà ní ìbàdí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀: "Èéfín ò lẹ́sẹ̀, kùrukùru ò lójú, ẹ bi atẹ́gùn bóyá ó rí mi, kó ní òun ò rí mi, òkùnkùn bò mí, ìmọ́lẹ̀ yà fún mi!"

Ó pòórá.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Òkòkò sọ ọ́. Ọlọ́búrẹ́dì nìkan ló ní ó wọ abẹ́ tábìlì òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kọ́bùrù máa fi wo ọ̀tún wo òsì, Dáínámáìtì ti jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti tẹlifíṣàn mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì wà létí Owólabí.

"Ẹ káàárọ̀ o, bàbá ẹlẹ́ṣin. Ẹ ṣáná sí i!"

Owólabí mi ìjánu. Lọ́yà ronú sí i díẹ̀.

Kókó-kà, kókó-kà, kókó-kà.

Ìsálọ bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ọmọdé méjì tó ń rìn lọ síléèwé bá wọn rìn títí dé Ajangbadi. Wọ́n tètè dé ju àwọn olè lọ.

"Ṣé kò lè sáré ju báyìí lọ ni?" ni Dáínámáìtì béèrè.

"Ó lè sáré," ni Owólabí dáhùn. "Kò fẹ́ ni."

Dáínámáìtì gbé ìbọn lé itan. "Ẹ gbọ́ o, bàbá. Ẹ máa lọ bí ẹ ṣe máa ń lọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó yà fún mi sínú igbó tó lọ sí bọ́dà. Ibẹ̀ la ti máa yanjú ẹ̀. Mi ò kí ń fi ẹni tó rí ojú mi sílẹ̀."

Owólabí wo Ọláwùmí. Ọláwùmí di ikùn rẹ̀ mú.

"Gbogbo Òkòkò ló rí ojú ẹ, ìwọ ọmọ yìí," ni Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Ṣé wàá pa gbogbo Òkòkò ni?"

Dáínámáìtì rò ó.

"Wọ́n pọ̀ jù," ló wí nígbẹ̀yìn.

Kẹ̀kẹ́ kó sínú kòtò. Gbàgà! Ọláwùmí bú sí "Yéè!" Dáínámáìtì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ká a, ó nà án sí i.

"Àǹtí, ẹ fi jókòó. Kẹ̀kẹ́ yìí le."

"Ìrọ̀lẹ́ náà lẹ máa pa mí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí. Ẹ fara balẹ̀ ná."

* * *

Lẹ́yìn wọn, ìlépa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá kò ní epo. Alùpùpù kò ní epo. Ìbọn mẹ́ta ju ẹnì kan lọ, torí náà Kọ́bùrù Ọláṣùpọ̀ sáré lọ bá Mákindé, ọ̀gá àwọn ọlọ́dẹ àdúgbò Ajangbadi, tó ń lẹ táyà. Mákindé gbé kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ jáde. Ó gun iwájú, Kọ́bùrù jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìbọn. Ọlọ́dẹ mẹ́rin gbé ṣakabùlà, wọ́n sáré tẹ̀ lé wọn.

Wínrín-wínrín-wínrín!

"Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?" ni Kọ́bùrù béèrè ní oríta.

Mákindé tọ́ka sílẹ̀. Igbẹ́ ẹṣin wà níbẹ̀, mẹ́ta lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i.

"Ó ṣì gbóná. Wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa, Kọ́bùrù."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án."

Kọ́bùrù ní òun gbà á gbọ́.

* * *

Láyé ìgbà náà, téèyàn bá ti kọjá Ajangbadi tó sì rìn síwájú dáadáa, oko ẹ̀gẹ́ ló kù lọ́tùn-ún lósì. Atẹ́gùn ibẹ̀ a máa gbé òórùn gààrí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yan wá. Kò sí iná mànàmáná, kò sí ariwo. Ìró pátákò ẹṣin nìkan lèèyàn ń gbọ́. Ọ̀nà pupa náà á lọ sókè, á sọ̀ kalẹ̀, á tún lọ sókè.

Àwọn èrò Owólabí ní òfin kan, tẹ́nì kankan kò kọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá dé ẹsẹ̀ òkè, gbogbo èrò á sọ̀ kalẹ̀ láti ti kẹ̀kẹ́. Ẹnì kan á gbé wẹ́jì, igi tí wọ́n fi ń dá táyà dúró, á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Aláboyún nìkan ni kì í sọ̀ kalẹ̀. Òun ló máa di ìjánu mú.

Nígbà tí wọ́n dé òkè àkọ́kọ́, Lọ́yà dúró.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Owólabí wí.

"Àwa náà?" ni Èlùbọ́ béèrè.

"Tẹlifíṣàn mẹ́sàn-án lẹ kó sórí ẹ̀."

Ọláwùmí fẹ́ dìde. Dáínámáìtì gbé ọwọ́ sókè.

"Àǹtí, ẹ jókòó! Aláboyún kì í ti kẹ̀kẹ́. Ìyá ló bí mi o!"

Àwọn olè mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kan di ìbọn, wọ́n fi ìkejì ti kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ lọ sókè díẹ̀, ó yọ̀ padà. Ó gun ẹsẹ̀ Tọ́ọ̀ṣì.

"Yéè! Yéè! Màmá mi!"

Ìyá Àwẹ̀ró ti wẹ́jì bọ abẹ́ táyà. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí.

Wọ́n tún tì í títí ó fi gùn ún. Bí Lọ́yà ṣe dé orí òkè báyìí, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, Kíláàkì àti Mẹ́sẹ́ńjà tẹ̀ lé e. Kókókà-kókókà-kókókà! Dáínámáìtì gbé ìbọn sókè. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀bá odò kékeré kan làwọn ẹṣin dúró sí, wọ́n ń mumi.

"Ibi tómi bá wà ló máa ń dúró sí," ni Owólabí ṣàlàyé. "Bó ṣe ń ṣe ní gbogbo òkè nìyẹn."

"Ẹṣin yín nímọ̀ ju àwọn ọmọ mi lọ," ni Dáínámáìtì wí.

Wọ́n tún gun òkè méjì mìíràn bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń lọ. Tọ́ọ̀ṣì ń tiro.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ kúkú fi aféèrí yín gbé gbogbo wa pòórá."

"Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbà. Èémí kan ṣoṣo ni mo sì gbọ́dọ̀ fi pè é. Tí mo bá mí láàárín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Owólabí gbọ́. Kò wẹ̀yìn. Iwájú ló ń wò, níbi tí ọ̀nà ti dìde bí ògiri.

Orúkọ òkè náà kò sí nínú máàpù. Fúkẹ́fúkẹ́ làwọn èrò ń pè é, torí pé bí wọ́n ṣe máa ń mí nìyẹn tí wọ́n bá dé orí rẹ̀. Igbó bọ́dà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Wùmí," ni Owólabí wí, "ṣé o rántí pé omi òkè yìí jìnnà?"

Ọláwùmí wo bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Mo rántí, bàámi."

"Má fa ìjánu Lọ́yà o. Jẹ́ kó lọ."

"Mo gbọ́, sà."

* * *

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì í.

Ní ìlàjì ọ̀nà, Tọ́ọ̀ṣì ju ìbọn rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Èlùbọ́ ju tirẹ̀ náà sí i. Dáínámáìtì gbé tirẹ̀ kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ síwájú ni ìdí ìbọn ń gbá a lẹ́nu. Pàkò! Pàkò! Eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ọwọ́ méjèèjì, ọmọ mi," ni Owólabí wí.

Dáínámáìtì bọ́ ìbọn lọ́rùn. Ó nà án sókè sí Ọláwùmí.

"Àǹtí… ẹ bá mi mú un dání. Ẹ má fọwọ́ kan… ibí yìí o."

"Ibí yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣé, àǹtí."

Wọ́n tì í. Wọ́n tì í! Òógùn ń kán. Lọ́yà gbé orí rẹ̀ sókè, ó rí ọ̀run, ó rí ìsàlẹ̀, ó gbóòórùn omi.

Kókókà-kókókà-kókókà-kókókà!

Gbogbo rélùwéè náà ré òkè kọjá. Tẹlifíṣàn ń lura wọn. Ọláwùmí jókòó lórí jákẹ́ẹ̀tì olè, ó di ìjánu mú lọ́wọ́ òsì. Kò fà á.

"Ẹ dá a dúró!" ni Dáínámáìtì fi ìwọ̀nba èémí tó kù pariwo. Ó gbá ọrùn aṣọ Owólabí mú. "Bàbá… ẹ dá ẹṣin yín… dúró!"

"Lọ́yà ni," ni Owólabí wí. "Mi ò lè bá a jiyàn láti ibí."

Èlùbọ́ fẹ́ sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́. Ìyá Àwẹ̀ró ju wẹ́jì sí i lójúgun. Kọ̀ọ̀! Ó ṣubú. Tọ́ọ̀ṣì tiro dé ìdajì ìsàlẹ̀. Nígbà náà ni Ọláwùmí yíjú padà, ó sì fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn.

GBÒÒÒÀ!

Ewé já bọ́ láti orí igi. Tọ́ọ̀ṣì jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣì ń tàn.

Lẹ́yìn wọn, wínrín-wínrín. Mákindé ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀, Kọ́bùrù ń ti Mákindé. Ọlọ́dẹ mẹ́rin ń bọ̀ lẹ́yìn bí ẹni tí ayé ti sú.

"Ẹ… ẹ… dúró!" ni Kọ́bùrù wí.

"A… ti… dúró," ni Èlùbọ́ dáhùn.

Dáínámáìtì fi Owólabí sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ìgbàdí rẹ̀. Gbogbo wọn mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó lè yára dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Èéfín ò… hẹ̀… lẹ́sẹ̀…"

Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

"Èéfín… hẹ̀… èéfín… hẹ̀, hẹ̀…"

Owólabí ń wò ó. Ó rọra jókòó sórí òkúta.

"Ẹ sinmi díẹ̀," ló wí, "kí ẹ tó tún un pè."

Ìmọ̀ràn tó dára ni. Ṣùgbọ́n Mákindé ti dé. Ó ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lu Dáínámáìtì, àwọn méjèèjì sì ṣubú lura wọn, wọ́n ń mí fúkẹ́fúkẹ́. Kọ́bùrù kò rí èémí tó máa fi sọ pé òun mú un. Ó kàn fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

* * *

Adó-Odò ló sún mọ́ wọn jù, torí náà wọ́n ń lọ síwájú. Òkè mẹ́ta ṣì kù. Ní ẹsẹ̀ èyí àkọ́kọ́, Kọ́bùrù ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ó sì so okùn mọ́ àwọn olè ní ìbàdí. Ìbọn mẹ́ta wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Ọláwùmí. Gbogbo wọn ló sọ̀ kalẹ̀ láti tì í, ọlọ́pàá, ọlọ́dẹ, olè.

"Àǹtí," ni Dáínámáìtì ké láti ẹ̀yìn, "ṣé kò le jù?"

"Kò le," ni Ọláwùmí dáhùn.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn náà ló bí obìnrin, lórí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

Epo padà dé kí ọdún tó parí. Owólabí ta kẹ̀kẹ́ náà, ó sì jẹ́ kí Lọ́yà darúgbó sínú oko ẹ̀gẹ́. Wọ́n ti da ọ̀dà sí Òkè Fúkẹ́fúkẹ́ báyìí. Bọ́ọ̀sì ń gùn ún láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò ò tilẹ̀ mọ̀ pé òkè ni.

Wọ́n ní tí Ọláwùmí bá ń kọjá níbẹ̀, tí bọ́ọ̀sì bá ti ń kérora lọ sókè, ó máa ń mú báàgì rẹ̀, á fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti tì í.