Etí Okùn, Etí Òkun

Orúkọ rẹ̀ ni Ọmọ́ṣọlá. Ṣọlá ni gbogbo ilé ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kano ni wọ́n bí i sí, ní Sabon Gari.

Ṣọlá gbọ́ Hausa bí ẹni ń mu omi. Ó gbọ́ Pidgin dáadáa. Yorùbá ń kọ́? Ó gbọ́ ọ... díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Hausa kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Tò!"

Bí wọ́n bá ní, "Ṣọlá, wá jẹun," á ní, "Tò!" Bí wọ́n bá ní, "Ṣọlá, lọ wẹ̀," á ní, "Tò..." Ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ dún sókè.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Ṣọlá jí. Màmá Àgbà ti jí ṣáájú rẹ̀. Màmá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán.

Màmá Àgbà ni ìyá tó bí Bàbá Ṣọlá. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀nà jíjìn, ṣàkà-ṣàkà, ṣàkà-ṣàkà, kó lè wá wẹ ọmọ tuntun.

Ọmọ tuntun ni Olúmidé. Iṣẹ́ méjì péré ló mọ̀. Ó ń mu ọmú. Ó ń ké. "Ùn-áà! Ùn-áà!" Màmá Àgbà nìkan ló mọ bí a ṣe ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Lórí ẹní, ẹ̀yìn Màmá Àgbà ni Ṣọlá máa ń fara tì. Ẹ̀yìn náà gbóná, ó sì rọ̀. Ṣọlá fẹ́ràn Màmá Àgbà gan-an ni.

Ṣùgbọ́n ó ti di ọjọ́ mẹ́ta báyìí, Màmá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Màmi din mása fún un, ó wọ́n ṣúgà sí i. Màmá Àgbà jẹ ẹyọ kan. Ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Màmá Àgbà, kí ló dé?" ni Ṣọlá bi í.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ rí òkun," ni Màmá Àgbà wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí òkun. Lọ́la, ọjọ́ Ẹtì, màá wọ ọkọ̀ ojú irin. Màá padà sílé."

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa o. Màmá Àgbà sọ pé òkun. Dò-re. Òkun.

Kí ni Ṣọlá gbọ́? Ṣọlá gbọ́ okùn. Re-dò. Okùn!

Okùn kẹ̀? Igiya ni Hausa ń pe ìyẹn. Ṣọlá mọ igiya. Òun ni wọ́n fi ń so àgbò mọ́lẹ̀. Ṣé torí okùn lásán ni Màmá Àgbà ṣe fẹ́ lọ?

"Màmá Àgbà, ṣé ó gùn?" ni Ṣọlá bi í.

"Ó gùn? Ojú ò lè rí òpin rẹ̀! Erékùṣù ni ìlú wa, Ìdí-Àgbọn. Òkun yí i ká, yíká-yíká. Ìlú aláràbarà ni! Ṣé kí n sọ àwọn ibi tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ fún ọ?"

"Tò!"

"Ilé Bàbá Henry wà létí òkun. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tó ti gbó ni wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n fi ṣe òrùlé. Bí òjò bá ń rọ̀, á máa dún kò-kò-kò."

"Igi àgbọn kan sì wà níbẹ̀ tó sùn. Ìjì ló gbé e sùn. Kò kú, kò sì dìde. Àwa ọmọdé mẹ́wàá la máa ń jókòó lé e lórí."

"Akàn ń kọ́? Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn akàn á jáde létí òkun, wọ́n á dá ojú ọ̀nà kọjá. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Gbogbo ayé á dúró. Àlùfáà tó gun kẹ̀kẹ́ á dúró. Ọba pàápàá á dúró. Akàn ló ni ọ̀nà!"

Ojú Màmá Àgbà tàn. Lẹ́yìn náà ó wo àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ti di ẹrù sínú rẹ̀ tán. Ojú rẹ̀ tún rẹ̀wẹ̀sì.

Ṣọlá ń ronú. Okùn tó yí ìlú ká! Okùn tí akàn ń rìn létí rẹ̀! Ṣọlá kò mọ akàn, ṣùgbọ́n ó mọ okùn. Bí òun bá rí okùn yìí, Màmá Àgbà kò ní lọ mọ́.

"Tò!" ni Ṣọlá wí. Ó ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì. Pátá-pátá-pátá, ó di ẹ̀yìnkùlé.

Okùn kan wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ìlédìí Olúmidé mẹ́rìnlá ló wà lórí rẹ̀.

"Màmi, ẹ bá mi tú okùn yìí."

"Kí n wá sá ìlédìí sórí ta ni? Sórí ìwọ?" ni Màmi wí.

Rárá nìyẹn. Pátá-pátá-pátá, Ṣọlá di iwájú ilé.

Màláàmù tó ń ta àgbò wà lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ṣọlá kí i. "Sannu, Màláàmù!" Ó tọrọ igiya lọ́wọ́ rẹ̀.

Màláàmù rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó na okùn kan sí i. Ṣọlá fà á. Okùn náà fa Ṣọlá padà!

"Mẹ̀ẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Àgbò ló wà létí rẹ̀ kejì. Àgbò oníwo ńlá! Ṣọlá dá okùn padà kíákíá, ó dúpẹ́, ó sì sá.

Pátá-pátá-pátá, ó dé etí títì. Ó dúró.

Lọ́rìì Làmídì wà ní òdìkejì. Inú ilé kan náà ni Làmídì pẹ̀lú àwọn Ṣọlá ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi okùn di àpò ẹ̀pà mọ́ lọ́rìì.

"Bọ̀dá Làmídì! Ẹ wá dá mi kọjá!"

Ọdún yẹn, 1972, ni mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn àgbà gan-an ń ṣì í. Làmídì wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó tún wo ọ̀tún. Ó di ọwọ́ Ṣọlá mú, wọ́n kọjá.

"Bọ̀dá Làmídì, mo fẹ́ okùn. Big one! Èyí tó lè yí ìlú ká."

"Wetin you wan use am do?" ni Làmídì wí.

"Màmá Àgbà ló fẹ́ rí i. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n á lọ lọ́la. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ."

Làmídì họ orí. Ta ni í torí okùn lọ sílé? Kò yé e rárá. Ṣùgbọ́n ó rí i pé omijé ti fẹ́ bọ́ lójú Ṣọlá.

"Kò burú," ni Làmídì wí. "Lọ́rìì mi ò ní gbéra títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n màá wá gbà á o!"

Okùn lọ́rìì! Ó ki bí apá Olúmidé. Ó gùn, ó gùn, ó gùn. Làmídì gbé e lé èjìká, Ṣọlá di etí rẹ̀ mú. Wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀ nílé. Wọ́ọ́, wọ́ọ́, wọ́ọ́.

"Màmá Àgbà! Okùn yín dé!"

Màmá Àgbà wo okùn. Ó wo Ṣọlá. Ó tún wo okùn.

"Kí lèyí?"

"Okùn ni. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí i."

Màmá Àgbà la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Hẹ̀." Lẹ́yìn náà, "Hẹ̀ hẹ̀." Lẹ́yìn náà, "Hẹ̀ hẹ̀ hẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Làmídì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Òkun ni mo wí!" ni Màmá Àgbà wí. "Dò-re. Òkun! Omi ni. Omi ńlá tó ń hó ruuru, ruuru."

Ṣọlá kò rẹ́rìn-ín. Ojú tì í. Okùn ṣeé wọ́ wálé. Ta ló lè wọ́ omi ńlá wálé?

"Ẹ máa lọ nìyẹn," ni Ṣọlá wí. Ó bú sẹ́kún. Olúmidé gbọ́ ọ nínú ilé, òun náà bá a ké. "Ùn-áà! Ùn-áà!"

Màmá Àgbà dákẹ́ ẹ̀rín. Ó fa Ṣọlá mọ́ra. Ṣùgbọ́n kò sọ pé òun ò ní lọ.

Ṣọlá nu ojú. Ó wo okùn. Ó wo ilẹ̀. Yanrìn ni gbogbo àgbàlá wọn.

"Màmá Àgbà, ẹ ní òkun yí ìlú yín ká?"

"Ó yí i ká."

"Yíká-yíká?"

"Yíká-yíká."

"Tò!"

Ṣọlá wọ́ okùn. Wọ́ọ́, wọ́ọ́. Ó gba ẹ̀yìn Màmá Àgbà. Ó gba ìdí bẹ́ǹṣì. Ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Etí okùn kan pàdé etí kejì. Màmá Àgbà wà láàárín.

"Níta, omi ni," ni Ṣọlá wí. "Nínú, Ìdí-Àgbọn ni. Etí okùn ni etí òkun."

Màmá Àgbà wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó ká ìró sókè díẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ kan kọjá okùn.

"Yéè! Omi yìí mà tutù o!"

Ṣọlá fò sókè. "Ẹ má jìn sí i, Màmá Àgbà!"

"Ilé Bàbá Henry dà?" ni Màmá Àgbà wí.

Ṣọlá sáré gbé ọpọ́n ìwẹ̀ Olúmidé. Ó dojú rẹ̀ dé. Kò-kò-kò! Òjò ń rọ̀ sórí ilé Bàbá Henry.

"Àgbọn tó sùn ńkọ́?"

Ṣọlá yí odó kalẹ̀.

"Háà! Èèwọ̀! A kì í jókòó lórí odó!" ni Màmá Àgbà wí.

Wọ́n wo bẹ́ǹṣì. Igi abẹ́ irin rélùwéè kan tó ti gbó ni, gbọọrọ báyìí. Bàbá ló gbé e wálé láti ibi iṣẹ́. Igi yẹn ti sùn tipẹ́. Wọ́n jókòó lé e.

"Akàn wa dà?"

Akàn kò sí ní Sabon Gari. Ṣùgbọ́n ìyá adìyẹ Màmi ń bọ̀, ó kó ọmọ mẹ́jọ sẹ́yìn.

"Akàn rèé!" ni Ṣọlá wí.

Kíríǹ-kíríǹ! Bàbá dé lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Màmá Àgbà. Ó ti fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ wọlé.

"Matthew! Dúró!" ni Màmá Àgbà pariwo.

"Kí ló dé, Màmá?"

"Akàn ń kọjá!"

Bàbá fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ó dúró. Ọmọ adìyẹ kan kọjá. Méjì kọjá. Ó dúró títí ìkẹjọ fi kọjá. "Akàn ló ni ọ̀nà," ni Bàbá wí. Ìdí-Àgbọn ni wọ́n ti tọ́ òun náà dàgbà.

Lẹ́yìn náà, ó mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde. "Màmá, ẹ gbà. Tíkẹ́ẹ̀tì yín rèé."

Ṣọlá di ìró Màmá Àgbà mú.

Màmá Àgbà wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wo okùn. Ó wo Ṣọlá.

"Dá a padà, Matthew. Òkun ò ní gbẹ. Bí Ṣọlá bá gba ọlidé, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń lọ wò ó. Ní báyìí, mo ti ní okun láti dúró."

"Okùn kẹ̀?" ni Ṣọlá bi í.

"Okun. Re-re. Agbára nìyẹn."

"Òkun. Okùn. Okun," ni Ṣọlá wí. "Kai! Yorùbá yìí ti pọ̀ jù!"

Ní ìrọ̀lẹ́, Làmídì wá gba okùn rẹ̀. Ó ká a, ó gbé e lọ. Ìlà okùn kù sórí yanrìn, yíká-yíká. Màmi gbá ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbá ìlà náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ẹtì ké. Húúúúú! Ó lọ, ṣàkà-ṣàkà, ṣàkà-ṣàkà.

Màmá Àgbà kò sí nínú rẹ̀. Ó wà létí òkun, lórí àgbọn tó sùn, ó ń jẹ mása kẹrin. Ṣọlá sì fara ti ẹ̀yìn rẹ̀.