Àwọn Tó Ń Kó Kúrò ní Ilẹ̀ Gbígbóná

Ẹnì kan ti gé búrẹ́dì Arndís jẹ nínú ilẹ̀. Ìyá àgbà náà hú ìkòkò rẹ̀ jáde bó ṣe máa ń hú u láràárọ̀, ó tú okùn tó fi di ọmọrí, ó sì rí i pé wọ́n ti fi ọ̀bẹ gé igun kan lára búrẹ́dì dúdú náà. Okùn ò tú tẹ́lẹ̀ o. Erùpẹ̀ orí rẹ̀ náà wà bó ṣe fi í sílẹ̀ lánàá.

Ní abúlé wọn létí adágún, ní erékùṣù Áísílándì, ta ló ń dá iná sun búrẹ́dì dúdú? Òkè oníná ẹ̀yìn abúlé ti bá wọn dá a sábẹ́ ilẹ̀ tipẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ihò tirẹ̀. Wọ́n á ri ìkòkò mọ́lẹ̀ lónìí, wọ́n á hú u lọ́la.

"Brandur!" Arndís pariwo mọ́ aládùúgbò rẹ̀, bàbá aláwàdà kan tó ń hú ìkòkò tirẹ̀ lọ́wọ́. "Ìwọ lo jẹ búrẹ́dì mi, àbí?"

"Èmi kẹ̀? Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi tí màá fi jẹ búrẹ́dì tìẹ tó le bí òkúta?"

"Òkúta yẹn náà lo wá tọrọ lọ́jọ́ Àìkú!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Arndís ò dénú. Ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó Ylfa, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́. Àṣà wọn sì ni kí ọkọ, ìyàwó àti gbogbo àlejò dúró yí ihò ká, kí wọ́n jọ hú búrẹ́dì àsè. Ta ló máa gbé àjẹkù síwájú àna?

Nígbà tó tún ri ìkòkò, ó ri abọ́ bọ́tà kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń jẹ búrẹ́dì òun lásán á máa pe òun ní ahun. Nígbà tó hú u, igun mìíràn ti lọ, wọ́n sì ti lá abọ́ náà mọ́ tónítóní.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó gbé ìyẹ̀fun àsè tó ti pò dé ibẹ̀, ó bá obìnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ihò, tó wọ aṣọ búlúù ayé àtijọ́. Òjò ń pa Arndís, àmọ́ aṣọ obìnrin náà gbẹ. Kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ abúlé wọn kéré débi pé bí èèyàn bá sín ní ìpẹ̀kun kan, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́ ní ìpẹ̀kun kejì.

"Ẹ ṣeun bọ́tà, Màmá," obìnrin náà rọra sọ. "Ẹ má ri ìkòkò síbí lónìí, ẹ má sì jẹ́ kí èèyàn kankan wá síbí lọ́la. Àwa náà ń kó lọ. Ilé wa ti gbóná jù."

Arndís wá mọ irú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nípa àwọn ará inú àpáta níbẹ̀. Èèyàn kì í rí wọn, wọn ò sì ṣeé fi ṣeré. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ bó bá ń gbé fìtílà yí ilé ká nígbà ọdún tuntun, tí àwọn ará àpáta ń kó láti ibì kan síbòmíràn, ló sọ sí i lẹ́nu: "Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó wá. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Kó ṣáà má ṣe èmi àtàwọn èèyàn mi níbi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "A gbọ́," ó ní. Arndís ṣẹ́jú, kò rí i mọ́. Ibi tó jókòó sí gbẹ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í pa á ni.

Arndís gbé ìyẹ̀fun padà sílé, ó fi ààrò sun ún. Ni Ylfa bá fẹ́ sunkún.

"Màmá àgbà, búrẹ́dì inú ààrò lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi? Kí làwọn àna mi máa sọ?"

"Kí wọ́n sọ pé mo ti ń ṣarán. Tó o bá fẹ́ràn mi, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni dé ìdí ihò lọ́la."

Ylfa rí i pé ìyá àgbà ò ṣàwàdà. Ó lọ sọ fáwọn àna rẹ̀ pé inú ilé ni wọ́n á ti jẹ búrẹ́dì.

Lọ́jọ́ Sátidé, àkókò tó yẹ kí gbogbo wọn dúró yí ihò ká ni Brandur ń fi búrẹ́dì náà ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé, tó ní búrẹ́dì ọ̀lẹ ni. Ilẹ̀ bú ramúramù. Fèrèsé mì. Ẹrẹ̀ gbígbóná àti òkúta fò sókè ju ilé ìjọsìn lọ. Nígbà tí èéfín ká, kò sí ihò ẹnì kankan mọ́, kòtò ńlá kan ló kù.

Àgùntàn kan ò kú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ èèyàn. Brandur gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀, ó mú búrẹ́dì ọ̀lẹ, ó sì jẹ ẹ́ tán. Wọ́n dì mọ́ Arndís, wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jó títí pákó ilẹ̀ fi ń dún. Inú ìyá àgbà dùn débi pé ó bọ́ bàtà, ó sì bá wọn jó.

Ylfa wá bá a, òdòdó ṣì wà lórí rẹ̀.

"Màmá àgbà, ta ni obìnrin aláṣọ búlúù tó ń fọ abọ́ ní kíṣìnì? Àwọn ọmọ rẹ̀ ti sùn sí yàrá òkè. Mo ní kó wá bá àwọn àlejò jẹun, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ó ní òun kì í ṣe àlejò, pé ẹ̀yin lẹ ní káwọn máa bọ̀."