Páálí Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Dikódà

Ọjọ́bọ̀ ni, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dà ṣì wà léèékánná mi. Mo bá àna mi lórí àga nínú pálọ̀, ó kọjú sí amóhùnmáwòrán tí kò tàn.

“Màmá, ẹ kú ilé o. Kí lẹ wá ń wò?”

“Ìwọ ni mo ń dúró dè, ọkọ ọmọ mi.”

Mo wo orí tábìlì. Dikódà wa, àpótí kékeré tó ń gba àwòrán láti ara áńtẹ́nà òkè ilé wá sínú amóhùnmáwòrán, kò tan iná kankan. Wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri pátápátá. Àyà mi já.

Ìdí tí àyà mi fi já nìyí. Agbẹ̀bí ni ìyàwó mi. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọn ò pè é sórí amóhùnmáwòrán rí, àfi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí wọ́n ní kó wá ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tuntun. Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn ni ètò náà máa jáde, ìyàwó mi á sì wà ní ọsibítù.

“Ẹ bá mi gbà á sílẹ̀ o,” ó bẹ̀ mí. “Ẹ jẹ́ kí n rí ara mi.”

“Èmi lò ń sọ fún? Kà á sí pé ó ti parí.”

Mo ki fíláàṣì tí ètò náà máa wọ̀ bọ ẹ̀yìn dikódà, mo fi rìmóòtù yan ètò náà, mo yan aago méjì. Ó wá ku Màmá. Àna mi kì í rí iná kó má pa á. Bí ẹ bá dìde lọ mumi, kí ẹ tó padà, ó ti pa iná yàrá yín. Ó ti pa iná mọ́ mi lójú rí nígbà tí mo ń fá irùngbọ̀n. Mo bá mú páálí, mo kọ̀wé sí i. Iṣẹ́ mi kúkú ni, èmi ni mò ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wa, Bàbá Pátákó ni wọ́n ń pè mí. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú dikódà, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

“Màmá, ta ló pa á?” mo bi àna mi nírọ̀lẹ́ náà.

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin kẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo kọ!” Ohùn mi ti lọ sókè. “Àní ẹ̀yin yìí, bí ọwọ́ yín bá tó oòrùn, ẹ máa wá bọ́tìnnì rẹ̀! Ẹ ti ba iṣẹ́ ọmọ yín jẹ́!”

Mo jágbe mọ́ àna mi. Ìyá tó bí ìyàwó mi. Fèrèsé sì wà ní ṣíṣí, gbogbo ará ilé ń gbọ́. Màmá kàn ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu awò ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ awò náà ò dọ̀tí.

Ẹnu ìyẹn la wà tí Ìyá Wáyà fi kanlẹ̀kùn. Obìnrin yìí ló ń tún amóhùnmáwòrán àti dikódà ṣe nísàlẹ̀ ilé wa.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bàbá Pátákó, ohùn yín ti dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣé kò sí?”

“Màmá ti pa dikódà! Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n má pa á!”

“Ohun tó kọ ni mo ṣe,” Màmá fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn. Ó dìde, ó mú páálí náà fún Ìyá Wáyà.

Ìyá Wáyà kà á sókè: “Ẹ máa pa á tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀.”

“Rárá o! Ẹ má pa á tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀!”

“Bàbá Pátákó, ibo ni àmì rẹ̀ wà?”

Mo gba páálí. Ohun tí mo kọ rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an: E MA PA A TI O BA TI BERE.

N kì í fi àmì sí lẹ́tà. Ogún ọdún ni mo ti ń sọ fún àwọn oníbàárà mi pé àmì máa ń ba ẹwà ìkọ̀wé jẹ́, pé ẹni tó bá ṣáà ti gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí wọ́n wí. Màmá gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Ó kà á bó ṣe ṣeé kà.

“Màmá, ṣé ẹ rí i kó tó di pé ẹ pa á?” Ìyá Wáyà bi í.

“Mo rí i. Láti aago kan ni mo ti jókòó. Ọmọ mi yọ, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó ní ẹ káàsán. Inú mi dùn! Mo wá rántí ìwé ọkọ rẹ̀. Mo ní bóyá tí èèyàn bá ń wò ó, kò ní lè wọ inú ẹ̀rọ yẹn. Mo bá pa á. Mo tún yọ ọ́ lára ògiri, kó má di pé n ò ṣe é dáadáa.”

Ẹ bá mi rò ó. Obìnrin yìí ń wo ọmọ rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa á, torí pé èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni mo tún jágbe mọ́ ọn. Ojú tì mí débi pé, bí ilẹ̀ bá lanu, ǹ bá wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.”

“Dìde, kí ọ̀dà ọwọ́ rẹ má kan kápẹ́ẹ̀tì,” ó ní. Kò wò mí lójú.

Ìyá Wáyà dá wáyà padà sára ògiri, ó wá ohun tó wà lórí fíláàṣì. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ìyàwó mi yọ, ó rẹ́rìn-ín: “Ẹ káàsán o. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi bí a ṣe ń gbé ọmọ tuntun ni...” Ó já.

“Ẹ dúpẹ́ pé èyí tiẹ̀ ṣẹ́kù,” Ìyá Wáyà sọ. “Dikódà mìíràn, tí iná bá já lára rẹ̀ lójijì, kò ní tọ́jú nǹkan kan. Bàbá Pátákó, ṣé ẹ dán an wò kó tó di òní?”

“Rárá.”

“Ṣé ẹ wò ó bóyá àyè wà lórí fíláàṣì?”

“Mo rò pé...”

“Mo rò pé kọ́.” Ó tẹ rìmóòtù, ó fi hàn mí. “Orin àti fọ́tò ti kún ún. Àyè tó kù ò lè gbà ju ìdajì ètò náà lọ. Bí Màmá ò bá tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, agbede méjì ló máa dúró.”

Ìyá Wáyà wá yíjú sí àna mi.

“Ẹ̀yin náà, Màmá, ẹ gbọ́ o. Iná pupa kékeré tó máa ń tàn yẹn, kì í ṣe ìfiṣòfò. Dikódà ń sinmi ni, ó ń dúró de aago tí wọ́n dá fún un. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ pa amóhùnmáwòrán fúnra rẹ̀, ìyẹn ò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má yọ dikódà lára iná. Nígbà tó bá sì ń gba ètò sílẹ̀, ẹ má yí i lọ sí ìkànnì mìíràn, torí ọ̀pọ̀ wọn ò lè ṣe méjì pọ̀.”

“Ṣé kò wá sí àtúnṣe mọ́?” Màmá béèrè.

“Ẹ pe iléeṣẹ́ tó gbé ètò náà jáde. Wọ́n máa ń tún òmíràn fi hàn.”

Nígbà tí ìyàwó mi dé, èmi fúnra mi ni mo sọ fún un. Ó wo páálí, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá wò mí.

“Ẹ jágbe mọ́ ìyá mi?”

Ìyẹn nìkan ló bi mí. Kò tiẹ̀ béèrè ètò.

Wọ́n tún ètò náà fi hàn ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo ra fíláàṣì tuntun tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, mo fi ìròyìn ìṣẹ́jú márùn-ún dán an wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Mo kọ páálí mìíràn: Ẹ MÁ PA Á. Àmì tó wà lórí MÁ tóbi tó àtàǹpàkò mi.

Màmá jókòó, ìyàwó mi jókòó tì í. “Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́ mi bí a ṣe ń gbé ọmọ tuntun ni ìyá mi,” ìyàwó mi ń sọ lójú amóhùnmáwòrán. “Ó ní kí n fọwọ́ ti orí ọmọ lẹ́yìn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ọmọ, kó kọ́kọ́ rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.”

Màmá fi etí ìborùn nu awò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, awò náà ti tutù. Ó wá yíjú sí mi.

“Ọkọ ọmọ mi, ó ti bẹ̀rẹ̀ o. Ṣé kí n pa á?”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, ṣùgbọ́n etí mi ń gbóná. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní dikódà nílé, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Kí ọjọ́ ètò tó pé, ẹ wo àyè orí fíláàṣì yín, kí ẹ sì kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ láti dán an wò. Bí dikódà bá bi yín bóyá kó nu fíláàṣì mọ́ kó tó lò ó, ẹ má yára gbà, gbogbo fọ́tò tó wà níbẹ̀ ló máa lọ. Ẹ fi iná pupa yẹn sílẹ̀ kó máa tàn. Ẹ fi ẹnu sọ fún gbogbo ará ilé, bí ẹ bá sì máa kọ ọ́, ẹ fi àmì sí i.

Bí ó bá wá bàjẹ́ náà, kí ẹ tó jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ lọ ka ohun tí ẹ kọ.