Píkọ́ọ̀pù Tí Kò Wọlé

"Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ojú yín tàn yín o," obìnrin tó ń ta mọ́tò sọ. Ó fi ọwọ́ gbá imú píkọ́ọ̀pù ńlá náà jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbá ẹ̀yìn ọmọ. "Èyí lágbára lóòótọ́. Irin tó bá wù yín ni kí ẹ dì sí i, kò ní mí hẹlẹhẹlẹ. Àmọ́ ẹ lọ wọn ọ̀nà ilé yín kí ẹ tó sanwó. Mo ti ta irú ẹ̀ fún ọkùnrin kan rí. Òun ń sùn nílé, mọ́tò ń sùn ní títì."

Bàbá jórinjórin rẹ́rìn-ín, ó tún yí mọ́tò náà po. Géètì àti wíńdò onírin ni iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, mọ́tò onímọ́tò ló fi ń kó iṣẹ́ lọ fún oníbàárà. Bí kò bá rí mọ́tò, ọmọlanke ni. Ní báyìí, agbára rẹ̀ ti gbé e láti ra tirẹ̀. Méjì ló wà níwájú rẹ̀ nínú ọgbà náà: pupa kan tó jẹ́ alábọ́ọ́dé, àti dúdú kan tó ga, tó fẹ̀, tí iwájú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ń wá ìjà.

"Pupa yìí ni kí ẹ jẹ́ ká mú, Bàbá," ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà sọ. Lọ́dọ̀ bàbá náà ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n ju bàbá lọ. "Ó máa wọlé dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí a bá ti jórin tán la ti máa dì í."

"Géètì ńlá á yọ síta lẹ́yìn ẹ̀."

"A ó so àkísà pupa mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mélòó là ń ṣe géètì ńlá lọ́dún?"

Bàbá họ irùngbọ̀n rẹ̀. Ó yíjú sí ọmọbìnrin rẹ̀ tó tẹ̀lé wọn wá. Ṣọjà ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé ó máa ń rìn gbọnin-gbọnin bí ẹni tí wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ fún. Ó ti wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama.

"Ìwọ ńkọ́, Ṣọjà? Èwo ló wù ọ́?"

"Dúdú yẹn ni, Bàbá!" Ẹnu bàbá kò tíì kúrò lọ́rọ̀ tó fi dáhùn.

Kò sọ ìdí tó fi wù ú. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ọmọlanke kọjá níwájú ilé ẹ̀kọ́ lákòókò ìsinmi, wíńdò onírin ń ró wọnwọn lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Kọngílá, nítorí iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Òun ló kọ́kọ́ rí wọn lójú fèrèsé.

"Ẹ wá wo jíìpù bàbá Ṣọjà!" ó pariwo. "Kì í mu epo o, òógùn ló ń mu!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣọjà náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ó dùn ún. Bàbá rẹ̀ rí i, ó juwọ́ sí i láti ojú títì. Ṣọjà ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Wọn kò ra èyíkéyìí lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, bàbá àti ẹ̀gbọ́n lọ gbé géètì ró fún oníbàárà kan ní ìlú kejì. Ọ̀sán ni bàbá pe Ṣọjà lórí fóònù.

"Ìyá tó ń ta mọ́tò ti pè mí. Ẹlòmíì ti dé sórí dúdú yẹn, wọ́n ní kí n fèsì kíákíá. Mú téèpù mi nínú àpótí, kí o wọn ọ̀nà ilé wa. Ibi gbogbo ni kí o wọ̀n o, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà nìkan." Ó sọ bí mọ́tò náà ṣe fẹ̀ tó fún un.

Ṣọjà gbé téèpù jáde. Ọ̀nà náà fẹ̀ dáadáa níbi tó ti pàdé títì. Àmọ́ bí ó ṣe ń wọ inú lọ ló ń há. Ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ ògiri ilé télọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ gọ́tà tí kò ní ìdérí. Níwájú ilé télọ̀ gan-an ni òpó iná kan dúró sí, ó yọ kúrò lára ògiri bí ẹni na ẹsẹ̀ sí ojú ọ̀nà.

"Ṣọjà, ṣé o fẹ́ rán ṣòkòtò fún ọ̀nà ni?" télọ̀ bi í láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín sí i, ó na téèpù láti ara òpó dé etí gọ́tà. Kò tó. Ó tún un nà, ó fà á le. Kò tó síbẹ̀. Ohun tó kù kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n irin kì í súnkì.

Fóònù dún.

"Ó tó?" bàbá béèrè.

"Ó tó, Bàbá. Ó tún ṣẹ́ kù." Bí a bá ń sọ ti ẹnu ọ̀nà, kò purọ́.

"Níbi òpó iná ńkọ́?"

Ṣọjà wo òpó náà. Ojú inú ni ó ti rí ara rẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò dúdú gíga níwájú ilé ẹ̀kọ́, tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbì, tí Ọmọ Kọngílá sì ń wò ó láti ojú fèrèsé.

"Bákan náà ni, Bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ nílé."

Ìgbà tí mọ́tò dúdú náà dé, ìyá rẹ̀ jáde pẹ̀lú àwọn aládùúgbò láti wò ó. Bàbá wà á wọ ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, àfi ìgbà tí irin ha òpó gààrà. Ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pa dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò dé, ó tún gbìyànjú. Táyà kan yẹ̀ sí etí gọ́tà, àwọn èèyàn sì kígbe. Nígbà tó fi ẹ̀yìn jáde tán, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣebí o ní bákan náà ni?"

"Bóyá… bóyá mi ò di téèpù mú dáadáa ni, Bàbá."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó pe obìnrin tó ta mọ́tò fún un, ìyẹn ní ẹnìkan ti ra pupa láàárọ̀. "Kò burú," ó sọ níkẹyìn. "A ó máa gbé e sí títì, a ó máa fi ọwọ́ gbé iṣẹ́ jáde. Iṣẹ́ kì í pa wá. Mi ò ní torí àṣìṣe ọmọ tà á lọ́pọ̀, kó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kàn wo Ṣọjà títí, ìyẹn sì gbé ojú sílẹ̀.

Ohun tó wá burú jù ni pé inú Ṣọjà dùn. Bàbá a máa gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ bó bá ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣọjà a máa ti ilẹ̀kùn gbì, gẹ́gẹ́ bó ṣe rò ó. Ọmọ Kọngílá alára bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè ìjókòó sílẹ̀ fún un. Bó bá sì délé lọ́sàn-án, tó rí bàbá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń gbé irin lọ sí títì, tí ọrùn wọn le gan-an, a yà gba ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò wọlé. Lẹ́ẹ̀kan, ó ti la ẹnu láti jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Bàbá ní, "Kí ni?" Ó ní, "Kò sí o."

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ géètì ńlá kan dé, géètì ilé ìkẹ́rùsí. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ, òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, oníbàárà sì ti pè títí, ó ní àwọn bíríkìlà tó wà níbẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí òjò ṣe dá díẹ̀, bàbá ní kí wọ́n gbé e. Bàbá àti ọmọṣẹ́ kan gbá iwájú mú, ẹ̀gbọ́n Ṣọjà àti ọmọṣẹ́ kejì wà lẹ́yìn. Ṣọjà ń lọ níwájú wọn, ó ń ṣa òkúta kúrò lọ́nà.

"Ẹ rọra níbi òpó!" ó pè. "Ẹ yà sọ́dọ̀ gọ́tà díẹ̀!"

Wọ́n yà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lápá gọ́tà tẹ ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ tẹ̀rẹ́rẹ́. Géètì fì sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá kígbe pé kí wọ́n dì í mú, ṣùgbọ́n ó ti já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ó tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n Ṣọjà mọ́ etí gọ́tà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe.

Ariwo tó ké lọ́jọ́ náà, títí di òní ni télọ̀ ń sọ pé òun ṣì máa ń gbọ́ ọ.

Wọ́n gbé géètì kúrò lára rẹ̀. Télọ̀ fa aṣọ oníbàárà ya, ó fi dì í lẹ́sẹ̀, aṣọ náà sì pọ́n fún ẹ̀jẹ̀ lójú kan náà. "Ẹ gbé mọ́tò wọlé!" ìyá ń pariwo. "Ẹ gbé mọ́tò wá!" Mọ́tò kò lè kọjá òpó. Bẹ́ǹṣì télọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ lé, wọ́n sì ń gbé e lọ sí títì, nínú ẹrẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán tẹ̀lé wọn. Ṣọjà di orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Kò tíì mọ̀ rí pé ọ̀nà ilé àwọn gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà jáde wá bá wọn. Ó ní eegun náà ti rún, ó ní àwọn kò lè gba ẹsẹ̀ náà là. Lábẹ́ orúnkún ni wọ́n máa ti gé e.

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn láṣọ. "Èmi ni," ó ń sọ. "Ó sọ fún mi pé pupa ni ká rà. Èmi tí mo fẹ́ mọ́tò ńlá ni mo gé ọmọ mi lẹ́sẹ̀."

Ṣọjà kò lè fara dà á mọ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Mo wọ̀n ọ́n dáadáa. Mo rí i pé kò tó. Mo… mo fẹ́ kí ẹ ra dúdú ni."

Ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí. Bàbá wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò.

"Mo bi ọ́ léèrè òpó yẹn," ó sọ, ohùn rẹ̀ kò sókè rárá. "Mo dárúkọ rẹ̀ fún ọ."

Kò lù ú, kò sì bú u. Ó dìde, ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó wọlé rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú ìyẹn ti wọnú. Aṣọ ìbora tẹ́jú pẹrẹsẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ kan wà.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo mọ̀," ó dá a dúró. "Láti ọjọ́ tí mọ́tò ti ha òpó ni mo ti mọ̀. Ta ló lè ṣi téèpù dì mú tó bẹ́ẹ̀ yẹn? Mo ń bò ọ́ ni. Mo rò pé wàá sọ fún Bàbá fúnra rẹ, kí n má bàa fi ọ́ sùn." Omi yọ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ká ní o sọ ọ́, ọjọ́ kejì ni Bàbá ì bá ta mọ́tò yẹn. Jáde, Ṣọjà. Mi ò tíì fẹ́ rí ọ."

Bàbá ta píkọ́ọ̀pù dúdú, ó ra alábọ́ọ́dé mìíràn. Èyí ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá láì fara kàn án. Ẹ̀gbọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ abíyá, ó ń gé irin ní ìjókòó lórí àpótí, àwọn ọmọṣẹ́ sì ń ṣe èyí tó gba ìdúró. Ó ti dárí ji Ṣọjà, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ó bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn tí Ṣọjà sì sáré wá dì í mú, a ní, "Fi mí sílẹ̀, mo lè dá a ṣe." Bàbá náà ṣì ń rán an níṣẹ́, àmọ́ a tún lọ yẹ iṣẹ́ náà wò fúnra rẹ̀.

Ìtìjú ni Ṣọjà ń sá fún, ìtìjú kò sì gé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ rí. Ọjọ́ tí bàbá pè é, òótọ́ ì bá ná an ní ẹ̀rín kíláàsì díẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí mọ́tò há, ì bá ná an ní ìbínú ìrọ̀lẹ́ kan. Ó jẹ́ kó pẹ́ títí ó fi di ohun tí ẹlòmíràn san fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, bí irọ́ bá ti jáde lẹ́nu yín, ẹ tètè fà á padà nígbà tí kò tíì ju ìtìjú lọ. Òótọ́ tí Ṣọjà sọ ní ilé ìwòsàn, òótọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gba ẹnì kankan là mọ́.