Ẹ̀rọ Tó Ní Kò Séwu

"Ẹ wò ó, Mọ́mì! Márùn-ún. Kò lé, kò dín."

Túúká na ìka sí àpótí kékeré tó lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó wo nọ́ńbà pupa tó ń tàn lójú àpótí náà. Òun ni nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò wọn. Òtútù, láti ìwọ̀n méjì dé mẹ́jọ, ló ń dá òògùn inú fíríìjì náà sí. Bí ooru bá lè mú un pẹ́nrẹ́n, omi lásán ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ìyá máa ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láti wo tẹmọ́mítà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ti ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ka òtútù náà síta, tí yóò sì ké bí ooru bá wọlé.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ mi á sinmi díẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Túúká sì ni orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n sọ ọ́, nítorí kò sí rédíò tàbí aago tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í tú ká. Wáyà àti ẹ̀yà ara fóònù tó ti kú ló fi ṣe àpótí náà, wáyà kan sì gba ẹnu ilẹ̀kùn wọ inú fíríìjì lọ láti máa wo òtútù. Àmọ́ àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, òun kọ́ ló kọ ọ́. Ó bi ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI, orí fóònù rẹ̀ ni, ìyẹn sì kọ gbogbo rẹ̀ fún un wàràwàrà, ó ní iṣẹ́ ti parí.

Bàbá tó máa ń tún fíríìjì ilé ìwòsàn ṣe bi í pé, "Ṣé o ti ri orí wáyà rẹ̀ sínú omi gbígbóná wò? Ṣé o ti já wáyà rẹ̀, kí o rí ohun tó máa ṣe?"

"Mo máa ṣe é, Bàbá."

Kò ṣe é. Ìdíje sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àpótí yìí ló sì fẹ́ gbé lọ. Ọ̀dà ló ń fi kùn ún kí ó lè rẹwà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà wá láti ya àwòrán ẹ̀rọ náà. Ẹsẹ̀ Túúká tẹ omi nílẹ̀. Ó wo àpótí: márùn-ún. Ó ṣí fíríìjì, kò sí òtútù kankan tó kàn án lójú. Tẹmọ́mítà inú rẹ̀ wà ní mẹ́tàlélógún. Púlọ́ọ̀gì ti yọ kúrò lára ògiri, ilẹ̀kùn fíríìjì sì ti gé wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ já.

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó ka àṣẹ náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó rí i níbẹ̀ gbangba: bí ìròyìn tuntun kò bá wọlé, kí ẹ̀rọ máa gbé nọ́ńbà tó gbà kẹ́yìn hàn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ti púlọ́ọ̀gì padà jàre. Tó bá fi máa di àárọ̀ ọ̀la, á ti tutù. Ta ló máa mọ̀?"

"Àwọn ọmọ ọwọ́ tó ń bọ̀ wá gbabẹ́rẹ́ lọ́la ńkọ́?"

"Kò kúkú ní pa wọ́n."

"Kò ní pa wọ́n, kò sì ní gbà wọ́n lọ́wọ́ àrùn."

"O ò ní díje mọ́ nìyẹn o. Wọ́n á sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ ka Mọ́mì ẹ lórí."

Òótọ́ ni. Túúká ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀ nínú yàrá kejì. Ó ti ilẹ̀kùn fíríìjì. Lẹ́yìn náà ló wọlé tọ̀ ọ́.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Òògùn ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ mi ló purọ́… rárá, èmi ni. Mi ò dán an wò."

Ìyá dìde, ó lọ ṣí fíríìjì. Ó wo tẹmọ́mítà inú rẹ̀. "Èmi náà jẹ̀bi," ló sọ. "Nọ́ńbà ni mò ń wò. Mi ò ṣílẹ̀kùn."

Gbogbo òògùn náà ni wọ́n dà nù. Lọ́jọ́ kejì, ìyá dúró níwájú àwọn abiyamọ, Túúká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì sọ òótọ́. Obìnrin kan tó ti fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀nà jíjìn pòṣé. "Ẹ̀rọ ọmọdé lẹ fi ń ṣọ́ ẹ̀mí ọmọ wa?" Ilẹ̀ ni Túúká ń wò.

Wọ́n kọ lẹ́tà ìbáwí sí ìyá rẹ̀. Ìdíje kọjá, Túúká kò lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Túúká gbé àpótí lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàbá alátùn-únṣe, wọ́n ri orí wáyà rẹ̀ sínú omi yìnyín, wọ́n rì í sínú omi gbígbóná, wọ́n já wáyà rẹ̀, wọ́n yọ bátìrì rẹ̀. Wọ́n tún àṣẹ rẹ̀ kọ: bí kò bá ti gbọ́ nǹkan kan láti inú fíríìjì, kó má sọ nọ́ńbà kankan, igbe ni kó máa ké.

"Bàbá, ṣé kí n má bi ọgbọ́n àtọwọ́dá ní nǹkan mọ́ ni?"

"Bi í. Ìwọ àti òun lẹ ó jọ máa ṣiṣẹ́ títí wàá fi dàgbà, á sì tún gbọ́n ju báyìí lọ. Àmọ́ kò tẹ omi nílẹ̀ ilé ìwòsàn rí, kò mọ ọmọ tó fẹ́ gbabẹ́rẹ́. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

Òògùn tuntun dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Obìnrin tó pòṣé náà padà wá. Ó kọjú sí Túúká, kò kọjú sí nọ́ọ̀sì.

"Ṣé ti òní dá yín lójú?"

"Ó dá wa lójú, mà. Èmi àti Mọ́mì ṣílẹ̀kùn, a fojú wa wò ó láàárọ̀ yìí."

Obìnrin náà na ọmọ rẹ̀ sí i pé kó bá òun gbé e. Ọmọ náà figbe ta nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, Túúká sì dì í mú dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rọ lè bá wa ronú, ó lè bá wa kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò lè bá wa jẹ́jọ́. Ohun tí a kò bá tíì dán wò, ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí. Bí àṣìṣe bá sì ti ọwọ́ wa wá, ká tètè sọ ọ́ kó tó di pé ọmọ ọlọ́mọ ló máa jìyà rẹ̀.