Ìrẹsì Tó Yó Jù

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ fẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́. Ayé tó ń bọ̀ nìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ará wa kan ti lọ tẹ̀dó sínú òṣùpá. Wọ́n ní iná, wọ́n ní omi, ṣùgbọ́n ìrẹsì wọn kọ̀, kò so. Ni wọ́n bá rán àlejò mẹ́rin wá sí ìlú wa, Etí-Àkùrọ̀, láti wá irúgbìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbídùnní bí wà lára àwọn tí ebi ń pa lọ́hùn-ún.

Ìbídùnní yìí, onímọ̀ ọ̀gbìn ni. Òun ló ṣe Afajílẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fa ajílẹ̀ látinú afẹ́fẹ́ lásán. Nitirójìn ni wọ́n ń pe nǹkan náà. Gbogbo wa là ń mí in, àmọ́ ìrẹsì kò lè jẹ ẹ́ àfi kó bá a nínú ilẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Ìbídùnní ń fún ìrẹsì oko rẹ̀ jẹ, bí ẹni ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Ewé rẹ̀ dúdú minimini, ó ga ju èèyàn lọ. Òjò kan ṣoṣo rọ̀, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n lù ú: koríko pọ̀ bí òkè, ìyàngbò ló kún inú rẹ̀.

Ìyá Arẹ̀mú, àbúrò ìyá Ìbídùnní, dúró lẹ́bàá oko. “Ìbídùn, èyí tó ń jẹun lójoojúmọ́ kò ní rántí àtibímọ.”

“Màmá, tiyín tí ẹ kì í fún lóúnjẹ ńkọ́? Kò kún agbọ̀n kan lésìí.”

Ìyá rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni. “Tìrẹ sanra, tèmi rù. Jẹ́ ká pàdé láàárín.”

Wọ́n mú irú ìrẹsì kan tó kúrú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ki, tí kì í fi oúnjẹ ga lásán. Ìyá ní ẹ̀ẹ̀mejì péré ni yóò jẹun: nígbà tó bá ń pẹ̀ka nídìí, àti nígbà tí oyún bá yọ níkùn rẹ̀, kí orí rẹ̀ tó yọ síta. Ó gbé àpótí síwájú ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ń bó ẹ̀gúsí, kí ọwọ́ Ìbídùnní má bàa dé ibẹ̀.

Nígbà ìkórè, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, orí rẹ̀ tẹ̀ fún hóró. Inú Ìbídùnní dùn títí àwọn àlejò fi sọ̀rọ̀: àwọn lè ṣe ẹ̀rọ, àwọn lè gbé irúgbìn, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ ìgbà tí ìrẹsì lóyún? Ẹni tó bá sì lọ, kò ní padà wá mọ́.

Ìyá Arẹ̀mú bi Ìbídùnní pé, “Tí ikùn ìrẹsì bá yọ níbí, ṣé wàá mọ̀?”

“Ẹ ti kọ́ mi, Màmá.”

“Ó dáa. Èmi àgbà ni n ó lọ. Wá bá mi di ẹrù. Ọmọ rẹ á jẹun.”

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ọkọ̀ àwọn àlejò gbéra. Àpótí Ìyá Arẹ̀mú ṣì wà níwájú ẹ̀rọ. Ìbídùnní jókòó sórí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí tó kù.