Ẹran Ọjọ́ Sátidé

Owó dé bá Rótìmí bí òjò tí kò ṣú. Lọ́dún tí gbogbo ayé ń pariwo owó epo, òun ṣì ń ta táyà àlòkù lẹ́bàá ibùdókọ̀ ní Ìlọrin. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ń wa Pijó tuntun, aṣọ léèsì ló sì ń wọ̀ jókòó sídìí mọ́tò. Ní Ọ̀mù-Àrán, níbi tí wọ́n ti bí i, wọ́n ní ó ti di agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ wo ló ń gbà ṣe? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọ̀sán Sátidé kì í kọjá kó má gbé Fulera, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, lọ jẹun nígboro Ìlọrin. Fulera ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Arandun. Nǹkan kékeré ní í múnú rẹ̀ dùn: fáànù tó ń yí lókè, ṣíbí tó ń dán, Fáńtà tó tutù débi pé ìgò ń làágùn. Ilé oúnjẹ tí wọ́n bá ti jẹun lọ́sẹ̀ yìí, wọn kò ní padà síbẹ̀ mọ́.

"Bọ̀dá Rótìmí, ẹ ò tún ní jẹ ẹran lónìí?"

"Eyín ń dùn mí."

"Láti ọjọ́ yìí wá? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi góòlù dípò rẹ̀. Ṣebí owó wà!"

Fulera bú sẹ́rìn-ín. Rótìmí náà rín díẹ̀, ó yọ agolo tábà kékeré kan lápò, ó sì wọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí ẹran ọmọbìnrin náà.

"Ata ilé wa," ló ń pè é. Bó bá ti wọ́n ọn tán, á yíjú sójú títì, á máa wo àwọn tó ń kọjá lọ. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ wo ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Bàbá Abẹ́-Àràbà ló kìlọ̀ fún un.

Inú igbó tó kọjá Ẹ̀sìẹ́ ni bàbá yìí ń gbé, nínú ahéré kan tí kò ní fèrèsé. Ọ̀sán gangan ni Rótìmí dé ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe tẹrí ba wọlé, ilẹ̀ ṣú mọ́ ọn lójú. Òórùn ìyẹ́ tútù gbá a nímú. Ilẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò yẹn."

Rótìmí ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ gbóná, ó sì tutù rinrin bí ẹnu ẹni tí ibà ń ṣe. Ohun kan lá àtàǹpàkò rẹ̀. Ó lá ìka tó tẹ̀ lé e. Ó ń lá wọn lọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣa iṣu lọ́jà. Ìtọ̀ bọ́ lára Rótìmí.

Bàbá rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. "Ó ti tọ́ ọ wò. O dùn. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ ló fẹ́, ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló fẹ́. Ta lo ní?"

"Mo... mo ní àfẹ́sọ́nà, Baba."

"Ó dáa. Bó bá ti ń jẹ ẹ̀tù tí màá fún ọ lórí ẹran, igbá tí màá fún ọ á máa kún fún owó. Má fún un nílé o! Oúnjẹ tí ẹni ẹni bá sè, àdúrà wà nínú rẹ̀, ẹ̀tù mi ò lè wọ̀ ọ́. Ibi tí wọ́n ti ń tà á ni kó o mú un lọ. Ààrò tí kò mọ orúkọ ẹni kì í gbèjà ẹni."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀ sórí ẹ̀tù náà, ohùn rẹ̀ sì ń jáde bí ìgbà tí wọ́n ń lọ nǹkan lórí ọlọ:

"Ohun tá a bá fún iná, iná kì í dá a padà.
Ohun tá a bá fún odò, odò kì í dá a padà.
Ohun tí ọ̀fun bá ti gbé mì, ó di ti inú."

Bẹ́ẹ̀ ni igbá ń kún nínú yàrá Rótìmí ní Ìlọrin. Àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló máa ń ṣí i. Owó náà máa ń tutù, á máa rùn bí ẹran inú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ ọ́ lóminú: irun ń bẹ láàárín owó náà. Irun funfun. Orí Fulera sì dúdú bí kóró iṣin.

Lọ́jọ́ kan, ó bá eyín nínú igbá. Obì ti kùn ún pupa.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ń wo ẹnu Fulera bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ pé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún ti yọ sí i. Ta ló ń ràn án lọ́wọ́? Àbí ó ti mọ̀ ni? Rótìmí gbọ̀nà Ẹ̀sìẹ́ lọ.

"Baba, ọmọ náà ò rù."

"Igbá ń kún?"

"Ó ń kún."

"Ẹnì kan ń jẹ ẹ́ nìyẹn."

"Ta ni?"

"Èmi ni mo bá yín jókòó nídìí tábìlì?" Bàbá na ẹ̀tù tó kù sí i. "Ìkẹyìn nìyí. Wọ́n ọn sórí ọkàn màlúù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni ohun inú ìkòkò yìí yóò mú lọ pátápátá, á sì fi àwọn tó kù sílẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ láìsí ẹni tó jẹ ẹ́, á kó ìwọ àti ẹni tó ti ń jẹ látẹ̀yìnwá pọ̀." Ó tọ́ka sí ìkòkò. "O rántí pé ó ti mọ bó o ṣe ń dùn."

Ilé oúnjẹ ará Gánà kan ni Rótìmí yàn fún ti ìkẹyìn. Ọjọ́ ti ń rọ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Dígí ńlá kan wà lára ògiri ibẹ̀. Ó bá Fulera jẹ wàrà dídín, ó wọ́n ẹ̀tù sórí ọkàn màlúù tó wà nínú abọ́ ìrẹsì rẹ̀, ó sì yíjú sójú títì bó ti máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìfura kò jẹ́ kó lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó yọjú wo dígí.

Fulera wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó mú ẹran náà, ó fi ewé ẹ̀ẹ́ran pọ́n ọn, ó fẹ́ tì í bọ báàgì.

Rótìmí gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. "Kí nìyẹn?"

Fulera sorí kọ́ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Ẹ má bínú. Ti Màámi ni."

"Màámi ta?"

"Màámi yín! Ìyá mi ló kọ́ mi pé ọmọbìnrin tí wọ́n ń fẹ́ kì í dá ẹran jẹ kó gbàgbé ìyá ọkọ. Bẹ́ ẹ bá ti já mi sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, mo máa ń wọkọ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán lọ gbé e fún wọn." Ó gbójú sókè díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ tiẹ̀ máa ra èyí tó rọ̀ o, eyín wọn ti ń yọ. Irun wọn náà ń re. Wọ́n ní kí n má sọ, kẹ́ ẹ má baà ní ojú ẹran ń pọ́n àwọn."

Fáànù ń yí. Rótìmí ń gbọ́ bó ṣe ń yí.

"Jẹ ẹ́," ló wí.

"Ṣé mi ò ní gbé e fún wọn ni?"

"Mo ní kó o jẹ ẹ́. Báyìí."

Fulera wo ẹran náà. Ó wo agolo tábà. Ó wá wo ojú Rótìmí, ẹ̀rín sì kúrò lójú tirẹ̀.

"Ẹ̀yin ẹ kọ́kọ́ gé e jẹ."

"Eyín ń dùn mí."

"Kò dùn yín nígbà tẹ́ ẹ jẹ wàrà."

Ó rọra dìde. Ó fi ẹran náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì jáde sínú oòrùn, kò wẹ̀yìn.

Rótìmí ju ẹran náà sórí àga ọkọ̀, ó tẹná mọ́tò. Gánmọ̀. Àjàṣẹ́-Ìpo. Oòrùn ń sá lọ lẹ́yìn rẹ̀ bí olè. Nígbà tó dé Ọ̀mù-Àrán, òjìji ilé ti ta kọjá ọ̀nà.

Orí ẹní ló bá ìyá rẹ̀, ó kéré bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Gèlè ti yọ̀ lórí rẹ̀. Kò sí irun kan lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin yìí ti sin ọmọ títí kó tó bí èyí, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Rótìmí, kó lè dúró ti òun.

"Rótìmí, ìwọ nìyẹn? Fulera dà?" Imú rẹ̀ ti gbọ́ òórùn. Ọwọ́ rẹ̀ jáde látinú aṣọ, ó gbẹ bí igi orógùn. "Ó fi ẹran rán ọ? Gbé e wá, ọmọ mi."

Rótìmí wo ẹnu ọ̀nà. Oòrùn ti kan orí páànù ilé òdìkejì. Kò sí ẹlòmíì nínú ilé náà. Òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ni.

Ó ju gbogbo ẹran náà sẹ́nu.

"Rótìmí! Gbogbo rẹ̀? O ò tiẹ̀ gé díẹ̀ fún mi?"

Ohun kan ti jí lórí ahọ́n rẹ̀. Ó ń lá eyín rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣa iṣu lọ́jà. Ó sáré jáde kí ìyá rẹ̀ má baà rí i.

Hàjàrá tó ń fa omi nínú kànga ilé kejì ló rí i tó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, tó ń tu eyín sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹ̀pà. Irun rẹ̀ ń já bọ́ sórí léèsì bí eérú ààrò. Kí Hàjàrá tó pe èèyàn dé, aṣọ nìkan ló kù lórí àga ọkọ̀. Ó tutù rinrin, ó ń rùn bí ẹran inú ọbẹ̀.

Irun tuntun ti hù lórí ìyá báyìí. Fulera kò yéé wá ní Sátidé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń se ohun tó ń gbé wá. Bó bá ti gbé abọ́ kalẹ̀, ìyá á mi orí.

"Ọmọ tí mo bẹ̀ pé kó dúró tì mí! Ojúkòkòrò ẹran ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyọ kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá fún mi, ojú mi ló ti jẹ ẹ́ tán."

Fulera á gé ẹran náà sí méjì, á kọ́kọ́ jẹ ìdajì, á gbé e mì, kó tó na ìyókù sí ìyá.